Ìyàwó Wa

Okùn ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ nà sáàárín obìnrin náà àti ọmọbìnrin náà pọ́n lójijì. Àwọn tó wà lórí ìlà lẹ́yìn wọn sún sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n sún, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ kí pupa náà kan òun lára.

Oyinlọlá gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì. Olùkójọ èdè ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ará etí òkun kí wọ́n tó fọ́n ká, kí ẹ̀rọ lè mọ ohun tí wọ́n ń pe ara wọn àti ẹni tó jẹ́ ti ta ni. Okùn pupa tó ti rí láti ìgbà tí òkun ti gun ilẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn parí sí.

"Ẹ tún un sọ," ni ẹ̀rọ náà wí. Alájọbí ni wọ́n ń pè é. Ohùn rẹ̀ tutù, kì í ga, kì í sì í rẹlẹ̀. "Abọ́sẹ̀dé, ará ilé Jagunlabí, kí ni ọmọ yìí jẹ́ sí yín?"

Obìnrin náà tún tẹ orí ba sídìí àwo bàbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Aṣọ ara rẹ̀ ṣì tutù láti ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti gùn wá.

"Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ mi ni."

Pupa náà nípọn sí i.

"Ọmọ yìí kò tíì pé ọdún méjìlá," ni Alájọbí wí. "Obìnrin sì ni. Ìgbà wo ni wọ́n so yín pọ̀?"

Abọ́sẹ̀dé yíjú sí Oyinlọlá. "Màdáámù, kí ni nǹkan yín yìí ń sọ lẹ́nu? Ta ló so ta pọ̀?"

Múdàṣírù, ẹ̀ṣọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ wò ó, ọkọ̀ ni wọ́n ní kẹ́ ẹ wá wọ̀. Ẹ̀yin mú ọkọ wá."

"Ìwọ ọmọ yìí, yàgò fún mi o. Bí ìyàwó bàbá rẹ bá gbọ́ ohun tó ò ń fi ṣẹ̀rín, yóò fi ọmọrogùn lù ọ́ lórí."

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu Múdàṣírù nígbà tí ó rí ojú Oyinlọlá.

Ọmọbìnrin náà fa aṣọ Abọ́sẹ̀dé. Abọ́sẹ̀dé tẹ̀ ba. "Ẹ má bẹ̀rù, Eyínfúnjowó mi. Ẹ fara balẹ̀. Wọn yóò jẹ́ ká kọjá."

Ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni, ṣùgbọ́n Alájọbí gbọ́ ọ. "Àgbàlagbà ń fi ẹ̀yin bá ọmọdé sọ̀rọ̀," ni ó wí. "Ọlátóún ni orúkọ ọmọ yìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, àgbàlagbà kò dárúkọ náà rí. Àmì ìbẹ̀rù ni méjèèjì. Wọ́n ń fi túláàsì mú ọ̀kan nínú wọn. Mo ń ránṣẹ́ pe àwọn Adáàbòbò Ọmọ."

"Dúró!" ni Oyinlọlá kígbe. Ohùn ara rẹ̀ já òun fúnra rẹ̀ láyà. "Èdè ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo bèèrè àyè àtúnṣe."

Alájọbí gbà. Ọ̀pá funfun kan yọ lójú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú láti òkè wá sílẹ̀, bí àbẹ́là tó ń jó. Ìgbà tí ọ̀pá náà bá tán, àyè tán.

Oyinlọlá fi ìdérí bo àwo bàbà. Bí ìdérí bá ti wà lórí àwo, Alájọbí kò gbọ́ nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn olùkójọ èdè jà fún nìyẹn, tí wọ́n sì rí gbà.

"Ìyá, ẹ sọ̀rọ̀ wéré," ni ó wí. "Ta ni ọmọ yìí gan-an?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ni omi kọ́kọ́ gbé. Lẹ́yìn náà ni omi gbé ọkọ mi. Láti ìgbà náà, ọwọ́ mi ni wọ́n wà." Ó fi ẹnu tọ́ka sí ọmọ náà, kò nàka sí i. "Nígbà tí mo wọ ilé Jagunlabí, Eyínfúnjowó ti ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń da omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wá fi ẹsẹ̀ kékeré rẹ̀ tẹ omi náà, gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Ó ti wà nínú ilé kí n tó dé ibẹ̀. Ṣé kí n wá máa là á lórúkọ? Kí ni mo fẹ́ pè é bí kò ṣe ọkọ mi?"

"Mo mọ̀," ni Oyinlọlá wí. "Báyìí ni ìyá mi ṣe ń pe àbúrò bàbá mi kékeré. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ni kò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ sọ fún un nígbà náà."

Ìbá ṣe pé ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe Alájọbí, ìwé lásán ni wọ́n fẹ́ fi kọ, ìwé nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń pe ara wọn, kí èdè wọn má bàa parun. Àwọn tó ṣe é fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní okùn kan ṣoṣo. Ọkọ, okùn ìgbéyàwó. Ọmọ, okùn ẹ̀jẹ̀. Nínú ìwé, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni. Nígbà tí òkun gun ilẹ̀, ìjọba wá ohun tí yóò tètè fi ìdílé hàn wọ́n kí wọ́n lè pín àwọn ènìyàn sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Òkè Ààbò. Alájọbí ni wọ́n rí. Wọ́n gbé e kúrò láàárín ìwé, wọ́n gbé e sẹ́nu ibodè, wọ́n sì fi ẹ̀ṣọ́ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó tún okùn rẹ̀ yẹ̀ wò.

"Ẹ ní ọmọ yín ni," ni Múdàṣírù wí. Ó ti sún mọ́ wọn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí ló burú níbẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ wò ó dàgbà."

"Bí wọ́n bá pè é ní ọmọ, Alájọbí yóò ní ká gún wọn níka," ni Oyinlọlá dá a lóhùn. "Ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní í bára mu. Irọ́ yóò wá gun orí ẹ̀sùn."

"Ẹ pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ nígbà náà."

"Mo lè pa á rẹ́. Bí mo bá pa á rẹ́, kò sí okùn. Ọkọ ìyá ti kú, wọ́n ní ikú ti gé ìyẹn. Ìyá yóò wọ ọkọ̀ ní òun nìkan. Ọmọ yóò lọ sí Ilé Ọmọ Ìjọba."

Abọ́sẹ̀dé di ọmọ náà mú. "Ibo nìyẹn?"

Oyinlọlá kò fẹ́ sọ. Ó ti lọ síbẹ̀ rí láti gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ilé mímọ́ ni. Oúnjẹ wà, bẹ́ẹ̀dì wà, àwọn ọmọ náà sì sanra. Ó bi ọmọbìnrin kan pé ọmọ ilé ta ni. Ọmọ náà fi ọwọ́ kan nọ́ńbà tó wà láyà aṣọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì pe nọ́ńbà náà fún un. Oyinlọlá kúrò níbẹ̀ láìgba ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tó kù níbẹ̀ tó ṣe é gbà.

"Ọmọ á yè níbẹ̀," ni ó sọ. Kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pá funfun ti kúrú dé ìdajì.

"Ọ̀nà kan ṣì kù," ni ó wí. "Mo lè fún ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n Alájọbí kò ní í gbà á lẹ́nu mi, kò sì ní í gbà á lẹ́nu yín, nítorí ẹ̀yin ni wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ẹnu ọmọ ló ti gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Eyínfúnjowó, ṣé o gbọ́? Bó bá bi ọ́ léèrè, ohun tó ò ń sọ nílé ni kí o sọ."

Ọmọ náà mi orí. Ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń ka nǹkan sínú. Oyinlọlá rí i, ó sì mọ̀ pé ẹnìkan lórí ìlà ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò wí. Kò sí àyè láti tú u. Ó ṣí ìdérí.

"Ọlátóún," ni Alájọbí wí, "ta ni obìnrin yìí?"

"Ìyá mi ni wọ́n. Ìyá mi ni wọ́n. Wọ́n bí mi nílé."

"Ọ̀rọ̀ àkọ́sórí," ni Alájọbí wí.

Okùn pupa náà tàn dé ara ògiri. Láti òkè, Oyinlọlá gbọ́ ìró bàtà àwọn tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà irin. Abọ́sẹ̀dé bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ọmọ náà gbàgbé ẹ̀rọ. Ó gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ó yí padà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ Abọ́sẹ̀dé mú.

"Ìyàwó wa, ẹ dákẹ́. Ẹ dákẹ́, ìyàwó wa. Bẹ́ ẹ bá ń sunkún, kí ni kí èmi náà ṣe?"

Oyinlọlá di ojú. Ìyàwó! Ọkọ lẹ́nu ọ̀kan, ìyàwó lẹ́nu èkejì. Ó rò pé ó ti parí. Ó dúró kí ẹ̀rọ dájọ́.



"Ìyàwó," ni Alájọbí wí. Lẹ́yìn náà, bí ẹni tó kọsẹ̀: "Wa."



"Ìyàwó jẹ́ okùn sí ẹnì kan. Wa ju ẹnì kan lọ. Ọlátóún, ta ni ń jẹ́ wa?"

Ọmọ náà wo àwo bàbà bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè òpè. "Àwa náà ni. Àwa ọmọ ilé."

"Dárúkọ wọn."

"Bàbá Àgbà. Bùrọ̀dá Láníhùn. Àǹtí Mọ́ńjọlá. Àwọn ọmọ Bùrọ̀dá, Tènìọlá àti Kéyẹdé. Bàbá mi. Bùrọ̀dá Ṣíjúadé tó fẹ́ wọn, tó ti kú. Àti èyí tí Àǹtí Mọ́ńjọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Òun ò tíì lórúkọ, omi ló wọlé ká tó sọ ọ́ lórúkọ. Ìyàwó gbogbo wa ni wọ́n."

Bó ti ń dárúkọ ni okùn tuntun ń yọ níwájú Abọ́sẹ̀dé, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Wọn kò dúró nínú gbọ̀ngàn náà. Wọ́n gba ojú fèrèsé jáde, wọ́n sọ̀ lọ sísàlẹ̀, sápá ibi tí òrùlé ilé yọ orí nínú omi. Bí wọ́n ti ń pọ̀ ni pupa náà ń ṣí. Nígbà tí ó mẹ́nu kan ọmọ tí kò lórúkọ, gbogbo okùn náà ti funfun.

Ìró bàtà tó wà lórí àkàbà dúró.

"Ìtumọ̀ tuntun," ni Alájọbí wí. "Ọkọ: ẹni tí ìyàwó bá nínú ilé. Kì í ṣe okùn ìgbéyàwó nìkan. Okùn ilé ni. Ikú kò gé e. Olùkójọ, ẹ fọwọ́ sí i."

Omi lé sójú Oyinlọlá. Iye ọdún tó ti ń wá bí ẹ̀rọ yóò ṣe gba ìtumọ̀ yìí kì í ṣe díẹ̀. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí ojú ẹ̀rọ.

"Màdáámù." Múdàṣírù di apá rẹ̀ mú. Kò tọ́ kí ẹ̀ṣọ́ fọwọ́ kan olùkójọ, àwọn méjèèjì sì mọ̀. "Ẹ ka ohun tó wà nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́."

Ó kà á. Òfin ibodè ni, òfin tó ti rí láìmọye ìgbà: ilé kan, ọkọ̀ kan. Ilé tí kò bá pé kò gbọdọ̀ wọkọ̀.

Ó tún fi ìdérí bo àwo.

"Ìyá," ni ó wí, "àwọn ará ilé yín tó kù, ibo ni wọ́n wà?"

"Wọ́n wà lórí òrùlé. Bàbá Àgbà kò lè gun àkàbà, Láníhùn sì ní òun kò ní í fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn ló ní kí n máa gbé Eyínfúnjowó lọ ná."

"Tí mo bá fọwọ́ sí i, ilé kan ni gbogbo yín. Wọn kò ní í gbà yín méjèèjì nìkan. Ẹ ó padà sọ́dọ̀ wọn, ẹ ó sì jọ dúró de ọkọ̀ ìkẹyìn."

"Ìgbà wo ni ọkọ̀ ìkẹyìn ń bọ̀?"

Oyinlọlá wo Múdàṣírù. Múdàṣírù wo bàtà rẹ̀.

"Wọ́n ní ó ń bọ̀," ni ẹ̀ṣọ́ náà wí.

"Ta ló ti rí i?"

Lábẹ́ ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà, omi ń gbá òpó, ó ń fà sẹ́yìn, ó tún ń gbá a.

"Tí ẹ bá pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, wọ́n á mú Eyínfúnjowó lọ sí ilé tí ẹ sọ yẹn," ni Abọ́sẹ̀dé wí jẹ́jẹ́. "Wọ́n á jẹun níbẹ̀?"

"Wọ́n á jẹun."

"Omi kò lè dé ibẹ̀?"

"Kò lè dé ibẹ̀."

"Ẹ pa á rẹ́."

Ojú rẹ̀ ti gbẹ. Ó fúnra rẹ̀ gbé ìdérí kúrò, ó tẹ orí ba sí àwo. "Ìwọ ẹ̀rọ, gbọ́ mi. Mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ọmọ yìí, èmi kò..."

Ọmọ náà fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Kì í ṣe pẹ̀lú ipá. Ọwọ́ kékeré lásán ni. Ṣùgbọ́n Abọ́sẹ̀dé dákẹ́.

"Ìyàwó wa," ni ọmọ náà wí, "nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ló wọlé bá ẹnìkejì?"

Abọ́sẹ̀dé yí ojú kúrò.

"Ẹ dá mi lóhùn."

"Èmi ni mo wọlé bá yín."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ilé, ta ló ń gbọ́?"

"Eyínfúnjowó mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n..."

"Gbé ẹrù ẹ." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀ mọ́. "Mo ní gbé ẹrù ẹ, ìyàwó wa. A ń lọ sílé."

Obìnrin náà wo ọmọ tí kò tíì dé èjìká rẹ̀. Oyinlọlá rò pé yóò gbá a létí, tàbí pé yóò gbá a mọ́ra. Kò ṣe méjèèjì. Orúnkún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, bí ó ti máa ń tẹ̀ ní àgbàlá ilé Jagunlabí. "Ó dáa, ọkọ mi," ni ó wí, ó sì gbé ẹrù rẹ̀ lé orí.

Ọ̀pá funfun kù bí èékánná.

Oyinlọlá ṣì lè pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Kò sẹ́ni tí yóò bi í. Ọmọ náà yóò ké, wọn yóò gbé e lọ, yóò sì dàgbà níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan yóò bi í pé ọmọ ilé ta ni, yóò fi ọwọ́ kan àyà aṣọ rẹ̀. Bí ó bá sì fọwọ́ sí i, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá àwọn méjèèjì padà sínú omi. Ó wá ẹni tí yóò yan èyí tó kéré nínú méjèèjì fún òun. Kò rí. Ọmọ náà ti yàn, ó sì ń wò ó bí ẹni tó ń dúró de òṣìṣẹ́ tó ń fi àkókò ṣòfò.

Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ojú ẹ̀rọ.

"Mo ti gbà á," ni Alájọbí wí.

Múdàṣírù ṣí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Òórùn omi iyọ̀ wọlé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ọmọ níwájú, obìnrin lẹ́yìn, okùn funfun náà sì ń gùn tẹ̀lé wọn títí omi fi gba àwòrán wọn mọ́ Oyinlọlá lójú.

Nígbà tí ó yíjú padà, ẹni tó kàn lórí ìlà ti dé iwájú tábìlì. Ọ̀dọ́ ìyàwó kan ni. Ó pọn ọmọ jòjòló sẹ́yìn. Ó ti rí gbogbo rẹ̀. Ó rí okùn tó funfun, ó sì rí ibi tí okùn náà mú wọn lọ.

"Kí ni ọmọ yìí jẹ́ sí yín?" ni Alájọbí bi í.

Obìnrin náà wo ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Ó wo Oyinlọlá, ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Oyinlọlá ì bá sọ nǹkan fún un, ṣùgbọ́n àwo wà ní ṣíṣí, kò sì mọ ohun tí ì bá sọ.

"N kò mọ̀ ọ́n," ni obìnrin náà wí. "Ẹnìkan ló ní kí n bá òun gbé e dání."

Bí ọmọ náà ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún fẹ̀gbẹ́ ojú lé e lẹ́yìn.

Kò sí okùn kankan tó yọ.